Agogo Ọba àti Agogo Àtẹ́lẹwọ́: Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Ń Di Ti Gbogbo Ìlú ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ní ọdún 1920, Herbert Macaulay bá Olóyè Àmódù Tìjání Olúwa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá. Ó mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó dání. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, ó sọ̀rọ̀ nípa ipò Ọba Èkó lọ́nà tí kò dùn mọ́ ìjọba àwọn Òyìnbó nínú rárá, ìjọba sì ní kí Ọba sẹ́ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Ọba kò kọ̀ láti fi ìwé ṣe àlàyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ó rán alágogo rẹ̀ ká gbogbo ìlú láti kéde pé òun kò lọ́wọ́ sí ohun tí Macaulay sọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Nítorí èyí ni ìjọba ṣe kéde pé àwọn kò mọ̀ ọ́n ní Ọba mọ́, tí wọ́n sì dá owó tí wọ́n ń san fún un dúró.

Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: kí ni ó wà nínú agogo tí kò sí nínú ìwé, tí Ọba fi lè gbà láti pàdánù owó rẹ̀ nítorí rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ìwé wà fún ìjọba àti ìwọ̀nba àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà. Agogo wà fún ìlú. Ohun tí alágogo bá ké, ẹnu Ọba ni ó ti jáde. Bí ó bá sì ti jáde, kò sí bí a ti í kó o jọ mọ́, nítorí ẹyin ni ọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọ̀dọ́ ya wọ Ìga Ìdúngànràn, wọ́n sì gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba jáde sí ìgboro. Kò sí alágogo kankan tí ó kéde rẹ̀. Síbẹ̀ ìlú ti gbọ́, àwọn ọmọ Èkó tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà sì ti fi ojú ara wọn rí ọ̀pá náà nínú fóònù. Láàárín ọ̀pá tí ó rin ìrìn àjò ní ọdún 1920 àti èyí tí a gbé jáde ní ọdún 2020, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà di ti gbogbo ìlú ti yí padà pátápátá. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti fi hàn ohun tí ó yí padà gan-an, ohun tí kò yí padà, àti ewu tí ó wà níbẹ̀ fún wa.

ÌKÉDE ÀTI ÀHESỌ NÍ ÀTIJỌ́

Ìsàlẹ̀ Èkó kò fi ìgbà kan ṣe aláìní ọ̀nà ìkéde. Bí Ọba bá ní ọ̀rọ̀ fún ìlú, alágogo wà. Bí ọjọ́ Ẹ̀yọ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn Ẹ̀yọ̀ àgbà márùn-ún a máa jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi tó ìlú létí: Adímú a jáde ní ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú àkẹtẹ̀ dúdú, Lábà ní ọjọ́ Ajé pẹ̀lú pupa, Oníko ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè, Ológèdè ní Ọjọ́rú pẹ̀lú àwọ̀ ewé, Àgèrè ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ àlùkò. Ẹni tí kò mọ ìwé kà pàápàá, bí ó bá ti rí àwọ̀ àkẹtẹ̀, ó ti mọ iye ọjọ́ tí ó kù. Ọ̀rọ̀ tí kò ti ààfin wá, ọjà ni ó ń gbé e: láti Ẹbúté Èrò dé Jánkárà, láti Jánkárà dé Ìdúmọ̀tà.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìròyìn èdè Yorùbá dé. Adéoyè Dẹ́níga dá Èkó Àkéte sílẹ̀ ní ọdún 1922, E. A. Akíntán dá Elétí Ọfẹ sílẹ̀ ní ọdún 1923. Kò pẹ́ tí Isaac B. Thomas fi gbé Akéde Èkó jáde. Ẹ kíyè sí orúkọ wọn. Akéde ni ọ̀kan, etí ni èkejì: àwọn oníwèé ìròyìn fúnra wọn mọ̀ pé iṣẹ́ alágogo àti iṣẹ́ ọjà ni àwọn gbà ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òtítọ́ nìkan ni wọ́n ń tà. Láti ọdún 1929 sí 1930, Akéde Èkó tẹ àwọn lẹ́tà kan tí a ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ kọ, obìnrin Èkó kan tí ó ń kábàámọ̀ ìgbé ayé rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ àwọn lẹ́tà náà, àwa tí a ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ Yorùbá sì ń ka ìwé náà sí ìtàn àròsọ wa àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìyàlẹ́nu lónìí pé ọkùnrin kan ń fi orúkọ àti àwòrán obìnrin kọ ọ̀rọ̀ sí Facebook, kí ó rántí Ṣẹ̀gilọlá.

Àwọn àhesọ kan sì ju ti ìdárayá lọ. Ìjọba ti rọ Èṣùgbàyí lóyè ní ọdún 1925, wọ́n sì ti lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1928, ìwé ìròyìn Macaulay, Lagos Daily News, tẹ àhesọ kan jáde pé àwọn kan ń gbìmọ̀ láti pa Ọba náà. Wọ́n gbé Macaulay lọ sí ilé ẹjọ́, ó sì fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Ní ọdún 1948, West African Pilot ti Nnamdi Azikiwe àti Daily Service ti àwọn alátakò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn lójoojúmọ́, títí ọ̀rọ̀ náà fi di ti Yorùbá àti Ìgbò. Ó burú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ní ìhà méjèèjì fi lọ ń ra àdá ní àwọn ọjà Èkó. Ọlọ́run yọ wá, a kò lo àdá náà. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ni ó rán wọn lọ rà á.

Nítorí náà, irọ́, ìbànijẹ́ àti ìdásílẹ̀ ìjà kò bá ayélujára wọ ìlú. A ti ń gbé pẹ̀lú wọn tipẹ́.

OHUN TÍ Ó YÀTỌ̀ LÓNÌÍ

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó wá yàtọ̀? Mo rí ohun mẹ́ta.

Èkíní ni pé oníṣẹ́ ti sọnù. Àwọn baba wa sọ pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Èyí ni pé oníṣẹ́ ní ọpọlọ àti ìwà. Ó lè tún ọ̀rọ̀ ṣe, ó lè pa èyí tí ó lè da ìlú rú mọ́ inú, a sì lè mú un bí ó bá purọ́. Alágogo ní ilé, Macaulay ní ilé, ilé ẹjọ́ sì mọ ojúlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a darí láti fóònù dé fóònù lórí WhatsApp kì í gbé orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ dání. Orúkọ tí òǹkàwé ń rí ni ti ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí i: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá rẹ̀, àlùfáà rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀. Ó gba ọ̀rọ̀ gbọ́ nítorí ẹni tí ó gbé e wá, ẹni yìí náà sì gbà á gbọ́ nítorí ẹlòmíràn. Bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé òpin, a kì í bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Èkejì ni ti ẹni tí ó ń to àtẹ. Ní ọjà, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹja yóò lọ sí ìsọ̀ ẹlẹ́ja. Lórí Facebook, TikTok àti X, èyí tí a ń pè ní Twitter títí di ọdún 2023, àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ni ìkànnì ni ó ń to ohun tí a óò kọ́kọ́ rí. Owó ìpolówó ọjà ni wọ́n ń jẹ. Bí a bá sì ṣe pẹ́ tó níwájú wọn ni owó wọn ṣe ń pọ̀ tó. Nítorí náà ni wọ́n fi ṣe ìṣirò sínú ẹ̀rọ, tí ń ṣọ́ ohun tí ojú wa dúró lé, ohun tí a fèsì sí, ohun tí ó bí wa nínú, tí ó sì ń gbé irú rẹ̀ wá fún wa sí i. Kò bìkítà bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ẹni méjì tí ń gbé ojúlé kan náà ní Ìdúmàgbò lè ṣí fóònù wọn ní òwúrọ̀ kan náà, kí wọ́n sì rí ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn méjèèjì yóò sì máa rò pé ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni àwọn rí. Èyí ni ohun tí agogo kò lè ṣe láé: bí agogo bá dún, ohùn kan náà ni gbogbo àdúgbò ń gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìyára. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Soroush Vosoughi, Deb Roy àti Sinan Aral, tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Wọ́n yẹ ìròyìn bíi 126,000 wò, èyí tí ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3 gbé kiri lórí Twitter láti ọdún 2006 sí 2017. Wọ́n rí i pé bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí a tún ìròyìn èké gbé kiri fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti òtítọ́ lọ. Ohun tí ó yẹ kí ó mú wa ronú jù ni pé wọn kò rí ẹ̀bi náà lọ́wọ́ ẹ̀rọ; ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n ti rí i. Èké a máa jọ ohun tuntun, a máa ya ni lẹ́nu, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ sọ ohun ìyanu a máa níyì lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké.

Àwọn tí ó ni ẹ̀rọ náà mọ èyí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, WhatsApp dín iye ibi tí a lè darí ọ̀rọ̀ kan sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kù sí 5 káàkiri ayé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ kọjá sí ibi kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò ní egbò kì í wá oògùn rẹ̀.

IYỌ̀ ÀTI ÀÌSÀN EBOLA

Kí a má baà rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2014. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje, Patrick Sawyer gbé àìsàn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Ilé ìwòsàn First Consultants ní Ọbáléǹdé ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, ẹni tí Herbert Macaulay jẹ́ bàbá ńlá rẹ̀, kò gbà kí ó jáde kúrò níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀. Ìpinnu yẹn ni ó gba Èkó là, ẹ̀mí òun fúnra rẹ̀ sì lọ sí i ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ.

Nínú oṣù Kẹjọ yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ kan ti inú fóònù jáde ní òru, pé kí oníkálùkù tètè dìde, kí ó fi omi iyọ̀ gbígbóná wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí Ebola má baà mú un. Ìyá jí ọmọ, ọmọ pe bàbá rẹ̀ ní abúlé. Kì í ṣe ìkà ni ó mú ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ránṣẹ́; ìfẹ́ ni. Kò pẹ́ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kìlọ̀, tí wọ́n sì sọ pé ìròyìn ti dé pé ènìyàn méjì kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ebola kò mú wọn. Ọ̀rọ̀ ni ó pa wọ́n.

Báwo wá ni a ṣe ṣẹ́gun Ebola? Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tí ó fara kan àwọn aláìsàn rí, wọ́n jẹ́ 894, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò ní ilé wọn ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ojúkojú ni, ẹnu sí ẹnu. Ènìyàn 20 ni àìsàn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn 8 nínú wọn sì kú. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Àwọn kan lo ìkànnì ayélujára náà láti tan òtítọ́, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kanlẹ̀kùn tí ó sì jókòó ti ènìyàn ni ó parí iṣẹ́. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀RỌ̀ ÒṢÈLÚ

Ní ti òṣèlú, ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dìde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 lòdì sí àwọn ọlọ́pàá SARS, ìkànnì ayélujára ni wọ́n fi pe ara wọn jọ, òun ni wọ́n fi kó owó jọ, òun náà ni wọ́n fi fi ìyà tí a ti fi ń jẹ wọ́n tipẹ́ han gbogbo ayé. Láìsí fóònù, ta ni ì bá gbọ́ wọn? Ní alẹ́ ogúnjọ́ oṣù náà tí àwọn ọmọ ogun dé sí ibùdó owó ibodè Lẹ́kì, ènìyàn ń wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà gan-an ni àwọn àwòrán àtijọ́ pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í kiri bí ẹni pé ti Lẹ́kì ni wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, inú ti ru; wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ gíga ní Ìgbóṣẹ̀rẹ́, ibi tí àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún wà, wọ́n sì ya wọ Ìga. Èmi kò sọ pé fóònù ni ó jó ilé ẹjọ́. Ìbínú náà ní gbòǹgbò tí ó dàgbà ju fóònù lọ. Ohun tí mo sọ ni pé nígbà tí òtítọ́ àti èké bá wọ aṣọ kan náà, ẹni tí ó fẹ́ sẹ́ òtítọ́ yóò fi èké ṣe ẹ̀rí. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ jábọ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ìjọba náà kò sì gba gbogbo ohun tí wọ́n kọ. Títí di òní, ènìyàn ń jiyàn lórí alẹ́ kan tí a ní gbogbo ayé wò.

Ìjọba náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, lẹ́yìn tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ kúrò, ìjọba àpapọ̀ ti ìkànnì náà pa ní Nàìjíríà, wọn kò sì ṣí i títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kìíní ọdún 2022. Ní oṣù Keje ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ohun tí wọ́n ṣe kò bá òfin mu. Ẹ wo bí ayé ti yí: ní ọdún 1920, ìjọba fi ìyà jẹ Ọba nítorí pé kò lu agogo, ní ọdún 2021, wọ́n fi ìyà jẹ ará ìlú nítorí pé agogo wà lọ́wọ́ wọn. Ohun kan náà ni ìjọba méjèèjì ń wá, ìyẹn ni kí ó jẹ́ pé àwọn ni yóò máa sọ ìgbà tí agogo yóò dún.

Ní ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ ọdún 1948 tún jí dìde. Nínú ìdìbò ààrẹ ní oṣù Kejì, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour borí ní Ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú nǹkan bí ìbò 10,000. Kí ìdìbò gómìnà ti ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta tó dé, àwọn ìkànnì ti kún fún ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ Èkó àti ta ni àlejò. Ní àwọn ibòmíràn, ẹ̀rù kò jẹ́ kí àwọn olùdìbò jáde. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ìlú bá gbàgbé ara rẹ̀. Ọmọ Tápà ni Oṣòdì, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn Èpétédó. Àwórì wà nínú Ìsàlẹ̀ Èkó, Ẹ̀dó wà níbẹ̀. Àwọn Sàró àti Àgùdà dé, wọ́n sì kọ́lé tì wọ́n. Olùkọ́ tí ó bá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìtàn yìí dáadáa ti gba ohun ìjà kan lọ́wọ́ àwọn tí ń dá ìjà sílẹ̀.

ẸBÍ ÀTI ARÁ

Ní ti ẹbí, èrè ẹ̀rọ yìí kò kéré. Agbo ilé tí ó ti fọ́n ká, tí ọmọ kan wà ní Ṣúúrùlérè, tí òmíràn wà ní Peckham, ń ṣe ìpàdé lójoojúmọ́ nínú fóònù. Wọ́n ń dá owó ìsìnkú, wọ́n ń san owó ilé ìwé ọmọ òrukàn. Ṣùgbọ́n ìjà ẹbí kì í parí níbẹ̀ bí ó ti ń parí ní gbọ̀ngàn. Ní gbọ̀ngàn, àgbà yóò ní kí àbúrò dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Ohun tí a fi ìbínú sọ yóò bá afẹ́fẹ́ lọ. Nínú fóònù, ọ̀rọ̀ ìbínú a máa wà nílẹ̀ bí ìwé àdéhùn; ẹnikẹ́ni lè ya àwòrán rẹ̀ fi han ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àmì méjì tí ó di àwọ̀ aró a máa sọ fún ni pé ẹni tí a kọ̀wé sí ti kà á. Bí kò bá dáhùn, ó di àrífín. Títí di ọdún 2022, bí ẹnìkan bá sì fi ìbínú jáde nínú ẹgbẹ́, ẹ̀rọ a máa kéde rẹ̀ fún gbogbo ẹbí. Ìdákẹ́jẹ́ àti ìdìde kúrò nílẹ̀, tí àwọn àgbà ń fi ọgbọ́n lò, ti di ẹ̀rí tí a ń gbé ka ni lórí.

IṢẸ́ TIWA

Kí ni kí a ṣe? Kì í ṣe pé kí a sọ fóònù sí ọ̀sà. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wádìí ìròyìn wà ní ilẹ̀ wa, bíi Africa Check àti Dubawa, ó sì yẹ kí àwọn olùkọ́ máa lo iṣẹ́ wọn nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ìwádìí máa ń dé lẹ́yìn tí àhesọ ti jẹun kúrò. Iṣẹ́ tí ó kù, ọwọ́ wa ni ó wà. Kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ ọ́n lára láti béèrè pé: ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́? Ní ọjọ́ wo, níbo? Ta ni yóò jẹ èrè bí mo bá gbà á gbọ́? Kí ó sì rántí pé ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ní ọdún 1931, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ tí ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún Èṣùgbàyí, ó sì padà sí Èkó láti Ọ̀yọ́. Ó ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí a kò kọ́ tán. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá lu agogo ti fi orúkọ ara rẹ̀ sí ohun tí agogo náà ń ké. Nígbà náà, Ọba nìkan ni ó ni agogo. Lónìí, gbogbo wa ni a ní in ní àtẹ́lẹwọ́, ọmọdé àti àgbà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ta ni ó rán mi ní iṣẹ́ yìí? Bí kò bá rí ẹni tí ó rán an, kí ó jẹ́ kí agogo náà dákẹ́.